Bọ́tìnì Tí Mo Fi Okùn Dè

Àkọ́bí mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Iṣẹ́ ńkọ́, ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ara mi le, orókún ọ̀tún nìkan ló ń yọ mí lẹ́nu. Ìròyìn ayọ̀ la ó máa gbọ́ nípa ara wa.

Wọ́n ní kí n wá tọrọ àforíjì ní ọjọ́ Ajé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí n gbé àga mi kúrò ní géètì ibi ìfọ́kúta. N kò ní í tọrọ rẹ̀. Gbọ́ tẹnu mi ná.

Ó di oṣù méjì tí wọ́n fún mi ní wokitókì, nítorí ọ̀nà òkè kò gba típà méjì, èmi ni mo sì ń béèrè bóyá ọ̀nà ṣófo. Alábòójútó wa, Ọ̀gá Kékeré, tí àbúrò rẹ fi ọdún mẹ́ta jù, ló kọ́ mi ní èdè rẹ̀. Ó ní bí mo bá gbọ́ ọ̀rọ̀, kí n wí pé "rọ́jà", bí mo bá sọ tèmi tán tí mo fẹ́ kí ẹlòmíràn fèsì, "ófà." Mo ní ta ni n ó sọ ófà fún? Ṣé bàbá tó ń wa katapílà lókè, tó ti ń fọ́ òkúta kí n tó lọ́kọ, ni n ó máa pàṣẹ fún pé ó yá, fèsì? Wọ́n bí mi ire o.

Màá kúnlẹ̀, màá tẹ bọ́tìnì, màá kí bàbá kú iṣẹ́, kú oòrùn, kú eruku, màá wá dúró kí wọ́n dáhùn. N kì í jọ̀wọ́ bọ́tìnì o. Ṣé èèyàn ń kí àgbà kó tún pa ilẹ̀kùn dé ni? Síbẹ̀, wọn kò dáhùn rí! Ọ̀gá Kékeré ní bí mo bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kò sẹ́ni tó lè sọ̀rọ̀. Mo ní èmi tí mo tẹ̀ ẹ́ ńkọ́, ṣé mo yadi ni?

Ní Ọjọ́bọ̀, àtàǹpàkò ń ro mí, mo bá fi okùn de bọ́tìnì náà mọ́lẹ̀. Aládùúgbò mi tó ń ta omi bi mí pé kí ló lu páànù àtíbàbà mi. Mo sọ fún un, láàárín àwa méjèèjì péré, pé òkúta ni. Pé Ọ̀gá Kékeré ń fi ẹ̀tù fọ́ òkúta láìfọn fèrè ìkìlọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta lóṣù yìí, ó sì ní bí mo bá sọ ọ́, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi.

A kò tíì mu omi tán tí Ọ̀gá Àgbà, ẹni tó ni ibi iṣẹ́, fi dé, wokitókì tirẹ̀ lọ́wọ́. Bí ó ṣe sún mọ́ mi, tirẹ̀ àti tèmi bẹ̀rẹ̀ sí í ké bí ewúrẹ́. Ó wòkè, ó ka ihò páànù: mẹ́ta. Ó tú okùn náà, ó sì gòkè lọ. Ọmọ mi, ta ló lọ sọ fún un? Aládùúgbò mi kò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi!

Okùn ṣẹ̀ṣẹ̀ tú ni ohùn bàbá oníkatapílà jáde. Wọ́n ní láti oṣù méjì ni àwọn ti ń dá mi lóhùn. Mo ní kí ló dé tí wọn kò pariwo? Wọ́n tún ní bí wọ́n bá lé mi, àwọn náà yóò sọ̀ kalẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, fèrè ń dún. Ọ̀gá Kékeré ló wá kọ̀wé pé kí n tọrọ àforíjì yẹn, ó ní mo de ẹ̀rọ lókùn. Kò rí ihò páànù, okùn ló rí. Ní ọjọ́ Ajé, n ó gbé àga mi lọ, n ó sì jókòó.

Jọ̀wọ́, fi owó páànù kan ránṣẹ́, àti ti tìmùtìmù, nítorí ìjókòó náà lè pẹ́. Olúwa yóò fi ọ́ ṣe orí, kò ní fi ọ́ ṣe ìrù.

Mo ti sọ tèmi. N kò ní í sọ ọ̀rọ̀ wokitókì yẹn. Ó kù sí ọ lọ́wọ́, dá mi lóhùn.

Ìyá rẹ, ní géètì