Èso Mọ́kànlá Tí Mo Fi Òwú So

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Kí o tó ka ìlà kejì, mo bẹ̀ ọ́, lọ ti ilẹ̀kùn. Bí ẹnikẹ́ni bá jókòó tì ọ́, ìbáà ṣe ọ̀rẹ́ rẹ tí ẹ jọ ń gbé, sọ fún un pé bàbá rẹ ń kí i, kí o sì dìde lọ sí ibòmíràn. Ọ̀rọ̀ inú lẹ́tà yìí kò gbọdọ̀ kọjá ojú tìrẹ. N kò tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù, nítorí pé atúnfóònùṣe sọ fún mi pé ohun tí a bá pa rẹ́ níbẹ̀ kì í kú, ńṣe ló ń fara pamọ́. Bébà ní tirẹ̀ ṣeé jó. Awakọ̀ tó ń kó pákó wá fún káfíńtà ọ̀rẹ́ mi ni yóò mú un dé ọ̀dọ̀ rẹ. Mo fi gọ́ọ̀mù lẹ àpò-ìwé rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo sì kọ ọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀ pé ìwé owó iná ni, nítorí kò sí ẹni tó máa ń wù láti ka ti ẹlòmíràn.

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé, ṣé ọ̀gá yín sì ti rọ̀ díẹ̀? Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ ìjáde àti ìwọlé rẹ, kò ní jẹ́ kí o sọnù láàárín èrò. Ara tèmi le. Orúnkún ọ̀tún ń ráhùn bí mo bá ń gun àtẹ̀gùn, ti òsì kò tí ì sọ nǹkan kan.

Ní ti igi ólífì rẹ, ó wà láàyè. Mo tètè sọ èyí kí àyà rẹ má baà já nígbà tí o bá ń ka ìyókù.

Láti ọdún méjì sẹ́yìn tí o ti gbé e wá nínú ìkòkò, lẹ́yìn ìsìnkú ìyá rẹ, orí àga ìyá rẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ló wà. O mọ̀ pé ara ìgò oògùn ni mo ti kọ́ ìwé kíkà fúnra mi, nítorí náà ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́ ni mo ń ka ìlànà tí o kọ fún mi, lẹ́yìn oúnjẹ. O ní kí ó máa rí oòrùn fún wákàtí mẹ́fà, mo sì ń fi aago ìtanijí ṣọ́ ọ; bí oòrùn bá ti kúrò ní fèrèsé iwájú, èmi náà a gbé ìkòkò, ó di fèrèsé ẹ̀yìn. O ní kí n ti ìka bọ erùpẹ̀ rẹ̀ dé oríkèé kejì, kí n má bomi rin ín àfi bí ibẹ̀ bá gbẹ. Mo máa ń kọ́kọ́ nu ìka náà gbẹ dáadáa, kí ó má baà tàn mí jẹ.

Ibi tí mo ti kọ́kọ́ ṣìṣe ni ihò ìdí ìkòkò. Mo rò pé ẹni tó tà á rẹ́ ọ jẹ, pé ìkòkò tó ń jò ló tà fún ọ, mo sì yọ́ àbẹ́là dí i láìsọ fún ọ, kí ojú má baà tì ọ́. Kò pẹ́ tí ewé fi pupa rúsúrúsú tí erùpẹ̀ sì ń rùn. Ọ̀rẹ́ mi káfíńtà ló yọ àbẹ́là náà. Ó bi mí pé bí wọ́n bá dí ibi tí omi ń gbà jáde lára èmi fúnra mi, ṣé màá máa rẹ́rìn-ín?

Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ mi gan-an nìyí. Ní ọjọ́ tí mo bi ọ́ lórí fóònù pé ìgbà wo ni o ń bọ̀ wálé, o rẹ́rìn-ín, o ní ọjọ́ tí igi náà bá so ni, kí á lè jọ jẹ èso rẹ̀. Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wo igi yìí bí ẹni ń wo ẹnu ọ̀nà. Ọdún kan kọjá, ewé nìkan ni. Mo bẹ̀ ẹ́, mo bú u, mo sì tún tọrọ àforíjì. Aránṣọ òdìkejì wa, tí gbogbo ilé ń pè ní Rédíò, gbọ́ ohùn mi láti ojú fèrèsé níbi tí mo ti ń bi igi pé kí ló dé tí kò fẹ́ bímọ fún mi, ṣé ìtọ́jú ni kò tó o ni? Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, àdúgbò ti gbọ́ pé mo fẹ́ ìyàwó, pé ọmọdé ni, pé kì í sì í fèsì. Bí ẹnikẹ́ni bá ti ròyìn ìyàwó kan fún ọ, igi rẹ ni.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá mo rí èso ólífì nínú ìgò ní ṣọ́ọ̀bù. Àwọ̀ ewé ni wọ́n, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ihò lẹ́nu, nǹkan pupa bí ata sì yọ díẹ̀ níbẹ̀, èyí tó fi yé mi pé wọ́n ti ń pọ́n. Mo ra ìgò kan, mo sì lọ ra òwú aláwọ̀ ewé lọ́wọ́ Rédíò. Ó bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi rán, mo ní ṣòkòtò. Ó ní ṣé ṣòkòtò dúdú kan náà yẹn, bàbá, àbí ìyàwó ti ra òmíràn? Mo sanwó, mo sì bá tèmi lọ. Mo so èso mọ́kànlá mọ́ ẹ̀ka, n kò jẹ́ kí wọ́n dọ́gba jù, kí ó lè jọ iṣẹ́ Ọlọ́run, mo sì ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ.

O rántí ohun tí o fi dá mi lóhùn: ojú kéékèèké mẹ́sàn-án lórí fóònù, eyín wọn hàn síta, omi sì ń dà lójú gbogbo wọn. O bi mí pé ta ló yọ kóró inú wọn lórí igi. Ìbéèrè náà kò yé mi, mo ní ẹyẹ ni. Lẹ́yìn náà o kọ ọ́ pé, Bàbá mi, mò ń bọ̀ ní Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọmọ mi, omijé yẹn ni n kò lè gbé. O sunkún ayọ̀ lẹ́ẹ̀mẹsàn-án, irọ́ ni mo sì fi rà á.

Kò tán síbẹ̀. Omi tó kù nínú ìgò, mo ronú pé bí àwọn ọmọ bá lè gbé inú rẹ̀ tí ara wọn ń dán, yóò dára fún ìyá wọn, ni mo bá dà á sí ìdí igi. Káfíńtà wọlé, ó tọ́ ọ wò, ó pariwo pé iyọ̀ ni, pé ṣé mo fẹ́ se igi náà lọ́bẹ̀ ni? A gbé e sí àgbàlá, a da omi tó mọ́ sí i, garawa mẹ́rin, gbogbo rẹ̀ sì gba ihò ìdí ìkòkò jáde. Ọjọ́ yẹn ni mo dúpẹ́ nítorí ihò yẹn. Ewé méjìlélógún ló já bọ́. Mo kó wọn pamọ́, bóyá ìwọ yóò fẹ́ kà wọ́n.

Wàyí o, èso tí kò sí ni o ń tìtorí rẹ̀ bọ̀. Bí o bá ní o kò wá mọ́, n kò ní bínú. Ṣùgbọ́n lánàá, bí mo ṣe ń tú òwú kúrò, mo rí nǹkan funfun kéékèèké lórí ẹ̀ka tó kọjú sí fèrèsé, wọn kò tó orí igi ìṣáná. Káfíńtà ní òdòdó ni, ṣùgbọ́n òun náà kò lè búra. Ó lè jẹ́ àìsàn. N kò ya fọ́tò rẹ̀. Ojú wo ni n óò fi fi fọ́tò ránṣẹ́ sí ọ mọ́? Ìwọ ni kí o wá fi ojú ara rẹ wò ó. Ohun kan ṣoṣo tí mo lè búra sí ni pé òwú kò sí lára rẹ̀. Mò ń retí rẹ.

Káfíńtà ní ìkòkò náà ti há fún gbòǹgbò, nítorí náà bí ó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n ra èyí tó fẹ̀ jù ú lọ. Ṣùgbọ́n bí owó ìkòkò àti owó ọkọ̀ bá jẹ́ owó kan náà, jẹ́ kí ìkòkò dúró.

Ọlọ́run yóò mú ẹsẹ̀ rẹ dé ilé yìí láyọ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní bàjẹ́, ẹni tí yóò tọ́jú rẹ ju bí mo ti ń tọ́jú igi yìí lọ yóò rí ọ.

Bí o bá ti kà á tán, jó o. Má kàn fà á ya, nítorí ìlú tiyín náà kò ní ṣàìní Rédíò, wọ́n sì ní sùúrù láti tò ó pọ̀. Jó gbogbo rẹ̀. Ibi tí mo ti kọ ọ́ pé mò ń retí rẹ nìkan ni kí o fi síísọ́ọ̀sì gé, kí o fi pamọ́, kí o tó dáná sun ìyókù.

Èmi ni bàbá rẹ.