Ohun Tó Kù Lórí Asẹ́

Màámi ọ̀wọ́n,

Ẹ dákun, ẹ má bínú pé mo gbójúgbóyà kọ̀wé sí yín. Ẹ ò mọ̀wé kà nígbà tí ẹ wà láyé. Èmi ni mo máa ń ka lẹ́tà àwọn ará Ìṣẹ́yìn sí yín létí, ẹ ó sì ní kí n tún ibi tí wọ́n ti kí yín kà. Ta ni yóò wá ka tèmi fún yín níbẹ̀?

Mo ti wọ yunifásítì. Ọdún kìíní ni mo wà, láti Ìbàfò ni mo sì ti ń lọ sí Èkó lójoojúmọ́. Bàámi ṣì ń lẹ táyà létí ọ̀nà márosẹ̀. Nígbà míì mo máa ń rò pé wọ́n ṣèèṣì mú mi ni, pé wọn ó ní kí n máa lọ sílé.

Olùkọ́ wa kan, obìnrin, gbà kí n máa bá wọn fọ ìgò ní yàrá ìwádìí. Ẹ̀jẹ̀ èèyàn ni wọ́n ń sẹ́ níbẹ̀. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan bíi bébà ni wọ́n fi ń sẹ́ ẹ, ihò ara rẹ̀ kéré débi pé ojú ò lè rí i. Ẹ̀jẹ̀ á kọjá, àwọn sẹ́ẹ̀lì díẹ̀ tí ń bí ẹ̀jẹ̀ tuntun á lẹ̀ mọ́ awọ náà, wọ́n á wá fi omi fọ̀ wọ́n kúrò. Bó bá yọrí, wọ́n lè fi tọ́jú irú àìsàn ẹ̀jẹ̀ tó mú yín lọ. Màámi, ṣé ì bá ti gbà yín là?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ní kí n dá sẹ́ ẹ wò. Mo ń rọra gbá etí ohun èlò náà bí ẹ ṣe máa ń gbá etí asẹ́ ògì yín. Nígbà tó sẹ́ tán, mo dé ohun tó kán sísàlẹ̀ dáadáa, mo sì ju awọ náà nù, bí mo ṣe máa ń da èèrí fún ewúrẹ́ wa.

“Ọmọ ológì!” Bísí tí a jọ ń fọ ìgò lọgun. “Ewúrẹ́ ta lo fẹ́ fún nìyẹn jẹ?”

Olùkọ́ wa ò jágbe. Wọ́n kàn mí kanlẹ̀: “Ta ló tún máa fún wa lẹ́jẹ̀ báyìí?”

Kí n tó mọ̀, mo ti ká apá aṣọ mi sókè. Ẹ sì mọ Bàámi. Látìgbà tí wọ́n ti ń fa ẹ̀jẹ̀ yín lọ́sìbítù títí ẹ fi lọ ni Bàámi ti búra pé ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni bá fa tèmi, ọjọ́ yẹn ni ìwé mi parí.

Lọ́tẹ̀ yìí tí wọ́n fa tèmi, tí mo sì sẹ́ ẹ, mo tọ́jú awọ náà. Olùkọ́ wa ní kí n fi awò tó ń sọ ohun tíńtín di ńlá wo ohun tó lẹ̀ mọ́ ọn: àwọn nǹkan róbótó díẹ̀, kì í sì í ṣe gbogbo wọn ni ohun tí à ń wá. Mo tẹjú mọ́ wọn títí. Ara yín ni mo ti wá. Kí ni mò ń retí láti rí níbẹ̀?

Bàámi ní ẹ máa ń wá bá àwọn lójú àlá, tí ẹ ó máa ròyìn ilé fún wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ èyí fún wọn. Bó bá ń jẹ yín lẹ́nu, ẹ wá sọ ọ́ fún èmi. Ẹ ò tíì wá bá mi rí.

Èmi ni,
ọmọ yín tí ń tètè sùn nítorí yín.