Ọkọ̀ Ìyá Ọkọ Mi àti Ẹsẹ̀ Máníjà

                                        Ojúlé Kejìlá,
                                        Òpópónà Ilé-Ìwé,
                                        Ẹ̀yìn Ọgbà Oníbúlọ́ọ̀kù.
                                        Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹsàn-án.

Ìyá Ìbejì, ọ̀rẹ́ mi tó sún mọ́ mi ju iyekan lọ,

Báwo ni gbogbo ilé? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Àwọn ìbejì ńkọ́, ṣé wọn ò jà lórí ìrọ̀rí mọ́? Orúnkún tó máa ń dùn ọ́ nígbà òtútù ńkọ́, ṣé ó ti gbọ́ oògùn? Mo mọ̀ pé ìyá rẹ á ti máa sọ pé mo ti gbàgbé àwọn. Bá mi bẹ̀ wọ́n. N kò gbàgbé ẹnikẹ́ni, ọmọ ni kò jẹ́ kí n ráyè yún ara mi. Tiwa náà ń lọ dáadáa. Ara wa le, òrùlé wa kò jò, Máníjà sì ti hu eyín tó pọ̀, kò sì sí èyí tí kò tíì fi gé mi jẹ nínú wọn. O mọ̀ pé bàbá rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Máníjà, nítorí pé láti ọjọ́ tí a ti gbé e dé láti ọsibítù ló ti ń jágbe mọ́ wa bí ẹni tó ń sanwó oṣù fún wa.

Ọ̀rọ̀ tó jẹ́ kí n jókòó kọ̀wé sí ọ gùn díẹ̀, ẹ̀bẹ̀ kan sì wà nídìí rẹ̀. Fara balẹ̀ kà á kó o tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi mí rẹ́rìn-ín.

Ṣé o rántí píkọ́ọ̀pù ìyá ọkọ mi? Ọkọ̀ àtijọ́ yẹn, tí iwájú rẹ̀ gba èèyàn mẹ́ta, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún ẹrù, tí imú rẹ̀ sì rí roboto bí imú ẹni tí oyin ta. Òun ni ìyá náà fi ń kó pákó lọ fún àwọn káfíńtà. Á gbé ọkọ mi, tó ṣì kéré nígbà yẹn, sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, á ti ìrọ̀rí sí i nídìí kó lè rí ọ̀nà. Nígbà tí ìyá kú, àwọn ẹbí pín ilé, wọ́n pín aṣọ, wọ́n pín ìkòkò. Kò sẹ́ni tó béèrè ọkọ̀, torí ó ti dípẹtà lábẹ́ igi, adìẹ sì ti ń yé sórí ìjókòó rẹ̀. Ọkọ mi ní òun fẹ́ ẹ. Yàtọ̀ sí i, kò sí ohun mìíràn tó jẹ́ ti ìyá rẹ̀ tó kàn án.

Ló bá fi okùn wọ́ ọ wá sínú ọgbà wa. Káfíńtà ni ọkọ mi, kì í ṣe mẹkáníìkì, ṣùgbọ́n ó ní ohun tí ọwọ́ èèyàn bá tò, ọwọ́ èèyàn lè tú u, kó sì tún un tò. Bó bá ti ti ṣọ́ọ̀bù nírọ̀lẹ́, ìdí ọkọ̀ ló kù. Ó fi sáńpépà ha ìpẹtà títí irun imú rẹ̀ fi pupa. Irin ibi tí wọ́n ń kó ẹrù sí ti jẹrà. Ó tú u dànù, ó fi pákó tẹ́ ibẹ̀ pẹrẹsẹ, ó sì kùn ún ní fáníìṣì tó ń dán bí iwájú orí ọmọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi òróró pa. Ó ní tó bá yá, àwọ̀ ewé lòun máa kun ara rẹ̀, torí gèlè aláwọ̀ ewé ni ìyá òun máa ń wé tó bá ń lọ kó pákó. Mo wò ó títí, mo ní kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí obìnrin tó ti wà lọ́run gba ọkọ lọ́wọ́ mi. Ó rẹ́rìn-ín, ó tún mú sáńpépà rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìwọ mọ̀ mí. Ìwọ lo máa ń sọ nílé ìwé pé bí atẹ́gùn bá fẹ́ pẹ́nrẹ́n, èmi ni n ó kọ́kọ́ di òpó mú. Ọgbà wa kò tóbi. Tí mo bá gbé ọmọ sílẹ̀ báyìí, jáàkì nìyí, àfọ́kù gíláàsì nìyẹn, epo ń rùn, irin ń yọ ṣóńṣó síta. Ọmọ tó ti ń di ògiri mú dìde! Lọ́jọ́ kan tí inú ń bí mi, mo sọ fún bàbá rẹ̀ pé, "Ọjọ́ tí ọmọ yìí bá rìn, ọjọ́ náà ni ọkọ̀ yìí ń kúrò níbí. Yálà kí ẹ wà á jáde, tàbí kí onírin àlòkù wá fà á lọ."

Ó ní, "Ó dáa. Mo gbà."

Àṣé onírin àlòkù gan-an ń kọjá lọ. Bàbá àgbàlagbà kan ni, tó ń ti ọmọlanke kiri àdúgbò, tó ń ra irin tó ti bàjẹ́. Ó yọ orí sínú ọgbà, ó ní, "Mo gbọ́ o! Èmi ni ẹlẹ́rìí."

Láti ọjọ́ náà, Ìyá Ìbejì, bàbá náà kò jẹ́ ká sinmi. Gbogbo ìgbà tó bá ń kọjá ló máa ń yà. "Ìyàwó wa, ẹsẹ̀ dà?" Á lóṣòó síwájú Máníjà, á máa pàtẹ́wọ́: "Tẹ̀ẹ́, tẹ̀ẹ́, tẹ̀ẹ́! Wá gba ọkọ̀ fún bàbá!" Mo ní, "Bàbá, ẹ fi ẹsẹ̀ ọmọ mi sílẹ̀ o." Ó ní, "Ṣé mo bá a jà ni? Àdúrà ni mò ń gbà fún un." Ọmọ òpònú yìí náà, ó fẹ́ràn rẹ̀ ju gbogbo èèyàn lọ.

Ibi tí mo ti wá da gbogbo rẹ̀ rú nìyí. Ọkọ mi ní bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Bó bá tú apá kan ọkọ̀, á wá páálí, á ya àwòrán apá náà sí i, á wá gún bóòtù kọ̀ọ̀kan mọ́ ojú ibi tó ti yọ ọ́. Páálí ilẹ̀kùn, páálí bọ́nẹ́ẹ̀tì, páálí ìjókòó, gbogbo rẹ̀ ló tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo yíjú, mo rí i tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ Máníjà wú ní apá kan. Mo ti ìka bọ ọ́ lẹ́nu, nọ́ọ̀tì bóòtù ni mo yọ jáde! Ìyá Ìbejì, mo fi igbe ta. Bí mo ṣe ń sunkún ni mò ń fa bóòtù yọ kúrò lára páálí, mo rọ́ gbogbo rẹ̀ sínú agolo mílíìkì ńlá kan, mo de ọmọrí rẹ̀ pinpin, mo sì dáná sun àwọn páálí náà. Mo rò pé mo ti ṣe bẹbẹ.

Nígbà tí ọkọ mi dé, ó wo ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó wo agolo. Mo ṣàlàyé. Ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ṣé kò gbé ìkankan mì?" Mo ní rárá. Ó gbé ọmọ, ó la ẹnu rẹ̀ wò. Lẹ́yìn náà ló ṣí agolo, ó wò ó, ó sì dé e padà. Kò bú mi. Ká ní ó bú mi ni, ọkàn mi ì bá fúyẹ́. Ó kàn jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó ní, "Ìyá Máníjà, mi ò lè tún ọkọ̀ yìí tò mọ́ kí ọmọ tó rìn."

Ojú tì mí. Èmi náà gbé ọpọ́n kalẹ̀ lọ́jọ́ kejì, mo da bóòtù sínú kẹrosíìnì, mo so ọmọ mọ́ ẹ̀yìn gbọingbọin, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀ wọ́n. Nígbà tí ìdọ̀tí ṣí, mo rí i pé wọn ò jọra. Èyí tó wá láti ara ilẹ̀kùn ní ọ̀dà lórí. Èyí tó wá láti ara ẹ́ńjìnnì dúdú, ó ń yọ̀ lọ́wọ́. Ti ibi ẹrù gùn, ó sì pọ́n bí omi tíì. Mo ń to èyí tó jọra sínú abọ́, ọkọ mi ń dán an wò lára ihò. Bó bá wọlé, á pariwo pé, "Òun ni!" Máníjà náà á pariwo. Mo wá mọ bóòtù ju bí mo ṣe mọ aṣọ inú àpótí mi lọ.

Ṣùgbọ́n àwọn mẹ́rin kan ṣẹ́kù tí wọn kò bá ibì kankan mu. Tuntun ni wọ́n, wọ́n nípọn, wọ́n ń dán. Mo bi ọkọ mi pé ibo lèyí ti wá. Ó kọ́kọ́ ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Nígbà tó yá ló gbé ìjókòó iwájú sókè, ó fi irin méjì hàn mí tí wẹ́dà jó mọ́ ilẹ̀ ọkọ̀. Ọkọ̀ àtijọ́ kò ní bẹ́líìtì tí wọ́n fi ń de èèyàn mọ́ ìjókòó, ṣé o mọ̀. Ó ní ibi tí bẹ́líìtì Máníjà máa wà nìyẹn, àti pé kí òun tó ha ìpẹtà kankan rárá ni òun ti lọ pe wẹ́dà. "Mo mọ ẹni tí mo fẹ́," ló wí. "Mo mọ̀ pé láìsí èyí, o ò ní jẹ́ kó fi ìdí kan ìjókòó yìí."

Ọ̀rẹ́ mi, èmi tí mo rò pé kò gbọ́ gbogbo ariwo tí mò ń pa! Mo ní kó jẹ́ ká pa àdéhùn yẹn tì. Ó kọ̀ jálẹ̀. Ó ní ẹyin lọ̀rọ̀, òun kò sì fẹ́ kí ọmọ òun dàgbà bá bàbá tó ń yẹ àdéhùn. Bí ẹ́ńjìnnì kò bá tíì dáhùn kí ọmọ tó rìn, ọkọ̀ ń lọ nìyẹn.

Ní Sátidé tó kọjá, ọkọ mi wà lábẹ́ ọkọ̀, èmi ń na sípánà sí i. Onírin àlòkù tún dé, ó lóṣòó, "Tẹ̀ẹ́, tẹ̀ẹ́, tẹ̀ẹ́." Máníjà fi òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó dì mú sílẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó gbé èkejì, ó ń mì lẹ́gbẹ̀lẹ́gbẹ̀ bí àgbà tó mutí yó, títí tó fi já sí àyà bàbá náà. Bàbá fò sókè: "Ó rìn! Káfíńtà, jáde wá, ọmọ rẹ ti rìn!"

Ọkọ mi yọ jáde. Ó ti rí ẹsẹ̀ ọmọ láti abẹ́ ọkọ̀. Ó nu ọwọ́, ó fi ẹnu ko ọmọ lórí, kò sì jiyàn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó irinṣẹ́ rẹ̀ kúrò nínú ọkọ̀. Inú mi bàjẹ́ ju bí mo ṣe lè kọ lọ.

Mo ní, "Ta ló rìn?"

Bàbá ní, "Ọmọ rẹ ni!"

"Ọmọ tèmi? Ó ṣubú síwájú ni."

"Ìyàwó! Láti ìdí òpó dé ibí?"

"Ìṣubú náà ló gùn, Bàbá."

Ìgbà yẹn gan-an ni aláìmoore ọmọ yìí tún dìde, ó kọrí sí ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀. Mo sáré gbá a mú lọ́nà. Bàbá ní, "Èyí náà ńkọ́?" Mo ní, "Ṣé ẹ ò rí i bó ṣe fẹ́ ṣubú, tí mo fi gbé e ni?" Ó di ọmọlanke rẹ̀ mú, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní láti ọjọ́ tóun ti ń ra irin, òun kò tíì rí ibi tí ìyá ti ń sẹ́ ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀.

Ọkọ mi dúró, àpótí irinṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ìwọ lo dá àdéhùn yẹn sílẹ̀. Ìwọ lo mọ ohun tó ń jẹ́ rírìn. Ṣé ó dá ọ lójú pé kò rìn?"

Mo ní, "Ó dá mi lójú."

Ó dá àpótí náà padà sínú ọkọ̀, ó sì wọ abẹ́ rẹ̀ lọ. Mo ń gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ láti ibẹ̀.

Ìdí tí mo fi kọ̀wé nìyẹn. Mo mọ ẹnu rẹ. Tí o bá fẹ́ kọ̀wé padà, jọ̀wọ́, má kí bàbá Máníjà kú oríire ẹsẹ̀ ọmọ, má sì sọ fún àwọn ẹbí rẹ̀ tí ẹ bá pàdé. Bá mi fẹnu ko àwọn ìbejì lẹ́nu, kí o sì kí ọkọ rẹ àti ìyá rẹ dáadáa. Ẹ́ńjìnnì kò tíì dáhùn, ọmọ mi náà kò sì tíì rìn. Ó kàn ń ṣubú kiri gbogbo ilé ni. Ó ti ṣubú dé ibi tábìlì tí mo ti ń kọ̀wé yìí, ó ń fa bébà mi, ó yẹ kí n dákẹ́.

                                        Èmi ọ̀rẹ́ rẹ tí kò ní yí padà,
                                        Ìyá Máníjà.