Wọ́n Gbé Àpótí Teslim Síta

Daddy Afusat,

Teslim àbúrò yín pè láàárọ̀ yìí láti abúlé ìyàwó ẹ̀ ní Aceh, ní Indonéṣíà. Ẹkún ló ń sun. Òun àti ìyàwó ẹ̀ jà, ló bá ní kí obìnrin náà jáde nílé òun. Bàbá ìyàwó kàn gbé àpótí Teslim lọ sẹ́bàá oko ìrẹsì. Níbẹ̀, ọmọbìnrin ni wọ́n ń fún nílé, ọkọ kàn ń wá bá a gbé ni. Ọdún mẹ́ta tó ti ń gbé níbẹ̀, Teslim ò mọ̀.

Ẹ pè é. Ọbẹ̀ wà nínú fíríìjì.

Kẹ́ ẹ tó tún lé mi jáde nílé yín bíi ti àná, ẹ wo orúkọ tó wà lórí ìwé tí council fi fún wa nílé yìí.

Kabirat