Ẹni Tí Kò Jẹ Iyán Mi Kò Ní Ya Fọ́tò Mi

Bàbá mi àtàtà, ẹ kú àtijọ́ o.

Ẹ má bínú pé mi ò tíì kọ̀wé sí yín láti ìgbà tí ẹ ti lọ. Iṣẹ́ tí ẹ fi sílẹ̀ fún mi ni kì í jẹ́ kí n sinmi. Kámẹ́rà yín ṣì wà, mo ti ra tuntun kún un, ṣọ́ọ̀bù wa ní Ẹ̀jìgbò sì wà níbi tí ẹ mọ̀ ọ́n sí. Ara Màmá le, ẹnu wọn náà le. Èmi nìkan ni nǹkan ń ṣe, kì í sì í ṣe àìsàn. Mo ń sanra ni, Bàbá.

Mo mọ̀ pé ẹ máa rẹ́rìn-ín. Lóṣù tó kọjá, níbi ìgbéyàwó kan ní Màsífà, ọkọ ìyàwó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún àwọn àna rẹ̀. Èmi náà lóṣòó kí n lè rí ojú rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, bí ẹ ṣe kọ́ mi. Àdúrà ń lọ lọ́wọ́, gbogbo ilé pa rọ́rọ́, ni ṣòkòtò mi bá ya fàà. Pásítọ̀ dá àdúrà dúró. Ọkọ ìyàwó rò pé ṣòkòtò tòun ni, ó wá ń fọwọ́ wá ẹ̀yìn ara rẹ̀ kiri nílẹ̀ tó wà. Gèlè ẹlòmíì ni mo so mọ́dìí títí iṣẹ́ fi parí.

Nọ́ọ̀sì àdúgbò wa ní kí n dín iyán kù. Iyán wo ni kí n dín kù? Ẹ̀jìgbò tí a wà yìí, òrìṣà ìlú pàápàá iyán ló ń jẹ. Lọ́jọ́ Sátidé kan ṣoṣo, mo lè ya ìsọmọlórúkọ láàárọ̀, kí n ya ìgbéyàwó lọ́sàn-án, kí n tún ya ìsìnkú arúgbó nírọ̀lẹ́, kò sì síbi tí wọn ò ti ní gbé abọ́ síwájú mi. Tí mo bá ní mo ti yó, wọ́n á bi mí bóyá oúnjẹ tiwọn ni kò dáa tó. Tí mo bá jẹ, mo sanra. Tí mi ò bá jẹ, mo ṣẹ̀ wọ́n. Èwo ni ṣíṣe, Bàbá?

Ọ̀rọ̀ tiyín gan-an ló ń dà mí lọ́kàn rú. Gbogbo ilé wọ̀nyẹn lẹ ti jẹun, bẹ́ẹ̀ pẹ́lẹ́ńgẹ́ lẹ rí títí ẹ fi kú. Bẹ́líìtì kan náà lẹ ń lò, ojú ihò kan náà lẹ sì ń dè é sí. Mo rò pé kẹ̀kẹ́ tí ẹ ń gùn káàkiri abúlé ni, lèmi náà bá ra kẹ̀kẹ́. Mo gùn ún dé òkè àkọ́kọ́, mo sì gbé òun àti ara mi sórí ọ̀kadà wá sílé.

Ni mo bá pinnu pé mi ò ní jẹun lẹ́nu iṣẹ́ mọ́. Kùkúmbà àti ẹ̀pà ni mo ń kó sínú báàgì kámẹ́rà. Ìyẹn ló kó bá mi ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn.

Obìnrin kan tó wà ní Abíjàn ló bẹ̀ mí pé kí n lọ ya ìyá òun ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn. Ó ti pẹ́ tó ti wálé, kò sì mọ ìgbà tó tún máa wá, àgbà sì ti dé sí ìyá. Ó ń bẹ̀rù kó má lọ jẹ́ pé lẹ́yìn ikú ni òun máa ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá fọ́tò ìyá òun kiri. Mo mọ irú ẹ̀rù yẹn dáadáa, ẹ̀yin náà sì mọ ìdí rẹ̀.

Nígbà tí mo dé, ìyá ti wé gèlè, iṣu ti jinná lórí iná. Mo ní ẹ ṣeun mà, mi ò ní jẹun, mo sì yọ kùkúmbà mi. Ìyá wo kùkúmbà náà bí ẹni rí alángbá nínú ọbẹ̀. Wọ́n tú gèlè.

“Ẹni tí kò jẹ iyán mi kò ní ya fọ́tò mi,” ni wọ́n wí, wọ́n sì wọlé lọ.

Mo kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, mo bẹ̀ wọ́n títí. Wọ́n bi mí láti inú ilé pé ọmọ ta ni mí. Mo ní ọmọ ayàwòrán oníkẹ̀kẹ́ tó ti Ẹ̀jìgbò ń wá nígbà kan ni mí. Ìyá jáde.

“Ọmọ oníkẹ̀kẹ́ ló wá ń gbé kùkúmbà wọlé mi? Bàbá ẹ ò jẹ́ ká gúnyán fóun rí. Tó bá ti dé báyìí, á bọ́ ẹ̀wù, á gba ọmọ odó lọ́wọ́ wa.”

Bàbá, ta ni ìyá yìí ń sọ? Ṣé ẹ̀yin tí ẹ kì í fọwọ́ kan ọmọ odó nílé wa? Màmá á máa gún un, òógùn á máa bọ́, ẹ̀yin á jókòó, ẹ ní ọwọ́ tó ń di kámẹ́rà mú kò gbọdọ̀ gbọ̀n. A gbà yín gbọ́. Èmi gan-an ń fi ọ̀rọ̀ yẹn bọ́ lọ́wọ́ odó láti ìgbà tí mo ti jogún kámẹ́rà.

Ìyá ní tí ẹ bá ti ń gún un, gbogbo ilé á máa fi yín ṣe yẹ̀yẹ́, nígbà tí ẹ bá sì fi máa wọ ẹ̀wù padà, kò sí ẹni tí ojú rẹ̀ le mọ́. Ṣé ọgbọ́n iṣẹ́ ni? Àbí ẹ kàn fẹ́ kí ebi pa yín dáadáa kí ẹ tó jẹun ni? Àbí odó ilé wa ló ṣẹ̀ yín?

Mo gba ọmọ odó. Kókó pọ̀ nínú iyán mi, ìyá sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. A jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀ tòun ti kókó. Wọ́n tún gèlè wé, mo ya wọ́n, ẹ̀rín yẹn sì wà lójú wọn síbẹ̀. Mo fi ránṣẹ́ sí Abíjàn lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ohùn tó gbà sílẹ̀ lórí fóònù ni ọmọ wọn fi dá mi lóhùn, ẹkún ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Kí n tó lọ, ìyá mú mi wọ yàrá wọn. Fọ́tò kan wà lára ògiri, ó wọ́, ó sì gé ìgbọ̀nwọ́ ẹni tó wà nínú rẹ̀. Ẹ̀yin ni. Ẹ ò wọ ẹ̀wù, ẹ gbé ọmọ odó sókè, ẹ la ẹnu, ẹ ń rẹ́rìn-ín débi pé mo rí èrìgì yín. Ìyá ní àwọn làwọn fi kámẹ́rà yín yà á, ẹ̀yin lẹ sì tẹ̀ ẹ́ wá fáwọn.

Ṣé ẹ mọ̀ pé nígbà tí ẹ kú, a tú gbogbo ilé? Ẹni tó ya gbogbo ìlú ò ní ju fọ́tò pásípọ́ọ̀tù kan lọ, ẹ tún fajú ro nínú rẹ̀. Òun la gbé sórí pósítà ìsìnkú. Mi ò rí ẹ̀rín yìí rí, Bàbá. Ṣé ẹ máa ń rín in nílé nígbà tí mi ò wojú yín ni? Ó dùn mí púpọ̀.

Mo fi kámẹ́rà ya fọ́tò náà, mo sì ń bẹ̀rù àtifi han Màmá, torí ọmọ odó yẹn. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè mo kọ́kọ́ gúnyán fún wọn ná. Wọ́n wò mí, wọ́n wo odó, wọ́n ní ta ló kọ́ mi. Mo gbé kámẹ́rà lé wọn lọ́wọ́.

Wọ́n pẹ́ lórí rẹ̀. Mo rò pé wọ́n máa bínú.

“Bí bàbá ẹ ṣe gún un nílé bàbá mi nìyẹn,” ni Màmá wí, “nígbà tí wọ́n ń fẹ́ mi.”

Ìgbà wo lẹ wá dáwọ́ dúró, Bàbá? Kí ló dé? Mo bi Màmá, wọ́n ní àwọn náà ò mọ̀. Wọ́n kàn ní kí n tẹ fọ́tò náà kó tóbi, kí n gbé e sí pálọ̀, kí n má sì gé ọmọ odó kúrò níbẹ̀.

Èmi ni,
ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí ọwọ́ rẹ̀ ti bó nídìí odó, tí ṣòkòtò ò sì tíì gbà á.