Ọ̀rọ̀ Tí Àbẹ̀kẹ́ Fi Pè Mí

Sátidé, oṣù Karùn-ún, 1971

Inú mi dùn débi pé n kò lè jókòó.

Láti oṣù tó kọjá ni mo ti ń kọ́ Àbẹ̀kẹ́ ìyàwó mi ní Gẹ̀ẹ́sì tí yóò fi ta léèsì fún àwọn ọlọ́lá: “elegant”, “exclusive”, “distinguished”. Ó yẹ kí n ti kọ́ ọ tipẹ́.

Lónìí, mo wà ní ìsọ̀ rẹ̀ ní ọjà Duala, níbí ní Mọ́ńróvíà, nígbà tí ìyàwó ọ̀gá kan sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀.

Àbẹ̀kẹ́ na léèsì kan sí i: “Madam, this one exclusive-o!”

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó rà á. Ó wá tọ́ka sí mi. “Who the old man?”

Mo mọ ìbéèrè yẹn. Nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Mọ́ńróvíà, bí àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ mi bá béèrè ta ni obìnrin oníró yẹn, mo máa ń ní òun ló ń bá wa dáná. Ìṣojú Àbẹ̀kẹ́ ni mo ti ń sọ ọ́, ó sì yé e.

“That my husband. Distinguished man.”

Nígbà tí oníbàárà lọ, mo ní kó dárí jì mí.

“Baba Fọlá, ẹ gbé aṣọ wọlé, òjò ń bọ̀.”

Lọ́la, ní ṣọ́ọ̀ṣì, n ó mú un lọ́wọ́ lọ bá àwọn olùkọ́ wọ̀nyẹn. “My wife.” N kò ní fi nǹkan kan kún un.