Ohun Tí Ìwé Atúmọ̀ Yín Sọ Nípa Télọ̀

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín, mo sì kí orúnkún yín, torí mo mọ̀ pé òun ló máa ń kọ́kọ́ jí nínú ilé. Mo gbà á ládùúrà pé kí ara yín le koko. Ara tèmi náà le, àfi ìka kan tí abẹ́rẹ́ fẹ́ràn.

Ẹ kọ̀wé pé kí n fi ilé ìránṣọ sílẹ̀ níparí oṣù yìí, kí n wá jókòó sí ọ́fíìsì. Ẹ ní, "Mo rán ọ lọ sí poli, o jáde tán, o di télọ̀." Ẹ ní kí n ṣí ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì tí ẹ fi ta mí lọ́rẹ, kí n wo ìtumọ̀ mánéjà. Mo ṣí i. Ojú mi ló ṣàdédé lọ sọ́dọ̀ télọ̀.

Ìwé yín sọ pé ọ̀dọ̀ àwọn Faransé ayé àtijọ́ ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti mú ọ̀rọ̀ náà, kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹni tó ń gé nǹkan ló túmọ̀ sí níbẹ̀rẹ̀, ì báà jẹ́ òkúta tàbí aṣọ. Ọ̀rọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún títa ọjà ní díẹ̀díẹ̀, ìyẹn "retail", àti èyí tí wọ́n ń lò fún àlàyé fínnífínní, ìyẹn "detail", ẹbí rẹ̀ ni wọ́n. Owó orí kan tí ọba Faransé máa ń gbà náà wà nínú ẹbí ọ̀hún. Ó jọ pé kò sí ohun tí wọn kì í gé.

Kò sí abẹ́rẹ́ nínú ìtumọ̀ náà, Bàbá. Ọdún méjì ni mo ti lò níbí, mi ò gé aṣọ rí. Òfin ọ̀gá wa ni: gbogbo wa lè rán, òun nìkan ló ń gé. Sísọ́ọ̀sì rẹ̀ kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀. Mo wá rí i pé ńṣe lẹ pọ́n mi lé. Mi ò tíì di télọ̀.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọ̀gá gé kóòtù agbẹjọ́rò kan, ó kó o fún mi láti rán. Mo tẹ́ apá méjèèjì sórí tábìlì. Apá òsì ni méjèèjì. Kò yí pépà tó fi ń díwọ̀n apá padà kó tó gé èkejì. Gbogbo wa ti mọ̀ pé ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó fẹ́ sọ ọ́. Àwọn tó kù tẹrí mọ́ ẹ̀rọ wọn bí ẹni tó ń gbàdúrà. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé agbẹjọ́rò yìí ò ní apá ọ̀tún ni?"

Ó fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò. Ó bọ́ sísọ́ọ̀sì lọ́rùn. Ó ní, "Ìwọ tó rí i, ìwọ ni kó o gé e."

Aṣọ tó ṣẹ́ kù kò tó ju apá kan ṣoṣo lọ. Bí mo bá ṣì í gé, ó di kí n máa bọ̀ nílé. Mo wọ̀n ọ́n títí ó fi sú téèpù. Mo yí pépà padà. Mo gé e.

Lọ́jọ́ Ẹtì, agbẹjọ́rò na ọwọ́ méjèèjì sókè níwájú dígí bí ẹni tí ọlọ́pàá mú. Ọ̀rọ̀ bọ́tìnì nìkan ló rí bá wa wí. Láti ọjọ́ náà, tábìlì ìgéṣọ ti di tèmi. Nítorí náà, Bàbá, mi ò ní wá sí ọ́fíìsì. Ẹ ti pè mí ní télọ̀ nígbà tí kò tíì tọ́ sí mi. Ẹ tún mi pè.

Ẹ ó pẹ́ fún wa, ẹ ó sì gbó nínú aṣọ tí ọmọ yín gé.

Èmi ni ọmọ yín,
Télọ̀.

Àfikún: Mo fẹ́ gé ṣòkòtò fún yín. Ọ̀rọ̀ kan nínú ẹbí télọ̀ ni àwọn Faransé fi ń pe ìbàdí títí dòní. Ẹ jẹ́ kí Màmá fi téèpù wọn ìbàdí yín. Ìwọ̀n ìbàdí tí ẹ fi ránṣẹ́ lọ́dún tó kọjá, ti ọjọ́ ìgbéyàwó yín ni.